Bí a ṣe ń fi ìró wo èéfín omi gbígbóná nísàlẹ̀ ibú òkun

Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà nínú omi. Ẹ gbé kámẹ́rà àti iná tó lágbára jù lọ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun tó jìn tó 2,200 mítà, ohun tí ẹ máa rí kò ní ju mítà mélòó kan lọ, lẹ́yìn náà òkùnkùn biribiri ló kù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òpó èéfín tó ń tú jáde láti inú àpáta níbẹ̀ lè gòkè tó 200 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Ẹ̀rọ sónà, tó ń ju ìró sínú omi tó sì ń tẹ́tí sí èyí tó bá padà, lè ya àwòrán ogún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára òpó náà lẹ́ẹ̀kan, kó tún un yà ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta fún oṣù lẹ́yìn oṣù, láìsí ènìyàn kankan nítòsí.

A ń pè é ní èéfín, ṣùgbọ́n omi ni. Omi òkun gba ojú àpáta tó là wọlé, ó sún mọ́ ibi tí àpáta ti ń yọ́, ó gbóná tó 350°C, ó sì yọ síta pẹ̀lú irin, bàbà àti imí ọjọ́ tó ti yọ́ sínú rẹ̀. Ìwúwo omi tó wà lókè rẹ̀ ni kò jẹ́ kó hó. Nígbà tó bá pàdé omi òkun tó tutù tó 2°C, àwọn ohun tó yọ́ wọ̀nyí a dì, wọ́n a di èérún dúdú, òun ni ojú ń rí bí èéfín. Ọdún 1977 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ bá irú orísun bẹ́ẹ̀ pàdé, ní Galápagos Rift, nísàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì. Àwọn tí èéfín wọn dúdú, ọdún 1979 ni wọ́n rí wọn, ní East Pacific Rise.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni mo máa ń padà sí ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá dàrú mọ́ mi lọ́wọ́: dúdú yẹn kọ́ ni sónà ń rí. Èérún inú rẹ̀ ń dá ìró díẹ̀ padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní irú fíríkúẹ́ńsì (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) tí a máa lò, èyí tó pọ̀ jù ń wá láti ibi tí gbígbóná àti tútù ti ń jà. Ẹ ti rí i bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń jó lórí títì ọ̀dà lọ́sàn-án gangan, tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa mì lójú yín. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ooru tó dàpọ̀ mọ́ tútù láìdọ́gba ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Irú rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìró nínú òpó omi gbígbóná. Nítorí náà, tí àwòrán yín bá mọ́lẹ̀ níbì kan, ẹ má sọ pé “èéfín pọ̀ níbí”. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé omi ń rú gidi níbẹ̀.

1. Ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fo èyí. Ṣé bí òpó náà ṣe rí àti ibi tó tẹ̀ sí lẹ fẹ́ mọ̀? Bí ìró tó padà ṣe lágbára tó ti tó fún ìyẹn. Ṣé bó ṣe ń yára gòkè ni? Ẹ nílò ìyípadà fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn Doppler. Tó bá jẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń rọra sun jáde láti ojú àpáta, tí kò tilẹ̀ ní òpó, ọgbọ́n mìíràn pátápátá ni. Sónà kan náà lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú ètò kan náà.

Èyí tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni sónà kan tó ń jẹ́ COVIS, tí àwọn onímọ̀ láti University of Washington àti Rutgers ṣe, tí Peter Rona wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n gbé e sí iwájú òkìtì àpáta tí wọ́n ń pè ní Grotto, ní pápá orísun omi gbígbóná Main Endeavour Field, ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Vancouver, ní ọdún 2010, wọ́n sì so ó mọ́ wáyà NEPTUNE ti Kánádà tó ń gbé iná lọ tó sì ń gbé dátà bọ̀. Ní 2018 wọ́n gbé e lọ sí pápá orísun ASHES lórí Axial Seamount, òkè oníná abẹ́ òkun tó bú gbàù ní 2015. Wáyà yẹn ni àṣírí iṣẹ́ náà. Sónà tó ń lo bátìrì kò lè jókòó síbẹ̀ kó máa ya àwòrán fún ọdún mẹ́ta.

2. Ẹ yan fíríkúẹ́ńsì

Ìró ń sáré ní nǹkan bí 1,500 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi òkun. Ní 400 kHz (ìgbọ̀n 400,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; Hz kan jẹ́ ìgbọ̀n kan), gígùn ìgbì kan jẹ́ 3.75 mìlímítà; ní 200 kHz, 7.5 mìlímítà. Bí ìgbì bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe ń mú tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni omi ṣe ń tètè gbé ìró náà mì. Fún ogún mítà, 400 kHz dára. Tí ẹ bá fẹ́ rí jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí 200.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bí ìró kọ̀ọ̀kan ṣe máa gùn tó. A ń pe ìró kúkurú kan tí sónà jù ní píǹgì. Píǹgì tó gùn tó ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ń gé omi sí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 37. Tí ẹ bá gùn ún sí i, agbára rẹ̀ á pọ̀, Doppler á sì mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ohun tó kéré mọ́. Ẹ ò lè jẹ méjèèjì.

Àwọn kan á béèrè nípa àwọn ẹranko ńlá inú òkun bí àbùùbùtán. Etí wọn kì í gbọ́ dé 200 kHz, nítorí náà ìró yìí fúnra rẹ̀ ga ju ohun tí wọ́n lè gbọ́ lọ.

3. Ẹ mọ ibi tí ẹ máa gbé e kalẹ̀ sí

Iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì abẹ́ omi nìyí. Ẹ gbé sónà sórí òpó irin tó ga tó mítà mẹ́rin, kó lè yọjú lórí òkúta tó wà láàárín, kó sì jìnnà sí orísun náà tó mítà mẹ́wàá sí ogún. Tó bá sún mọ́ jù, ojú rẹ̀ ò ní gba gbogbo òpó náà, ohun tó ń tú jáde nínú orísun á sì máa dì mọ́ irin yín lára. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìṣàn omi sábà máa ń kọjá, kí òpó èéfín má baà tẹ̀ wá sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá ti jókòó, ẹ wọn ibi tó dojú kọ àti bó ṣe fì sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kọ́ńpáàsì nìkan. Àpáta ìsàlẹ̀ òkun níbẹ̀ jẹ́ èyí tí iná yọ́, irin wà nínú rẹ̀, ó sì ń fa kọ́ńpáàsì lójú. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wá ìdí tí òpó inú dátà kan fi ń tẹ̀ sí ìlà oòrùn nígbà tí ẹ̀rọ tó ń wọn ìṣàn ń sọ pé ìwọ̀ oòrùn ni omi ń lọ. Èéfín ò ṣe nǹkan kan. Kọ́ńpáàsì ló ń purọ́. Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni ṣóńṣó àpáta méjì kan tí ipò wọn ti wà nínú máàpù: mo wá wọn nínú àwòrán sónà, mo sì yí gbogbo rẹ̀ títí tí wọ́n fi bọ́ sí ipò wọn. Láti ọjọ́ náà, òun ni mo kọ́kọ́ ń ṣe.

4. Ẹ wọn ìyára ìró níbẹ̀

Èyí kò gba àkókò. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀, ìgbóná àti jíjìn omi wọn omi àyíká, kí ẹ ṣírò ìyára ìró láti inú rẹ̀, kí ẹ má sì lo 1,500 lásán. Àṣìṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún á gbé ohun tó wà ní ogún mítà kúrò ní ipò rẹ̀ ní ogún sẹ̀ntímítà. Omi gbígbóná inú òpó fúnra rẹ̀ kò fa wàhálà níbí, nítorí ó ti fa omi tútù mọ́ra púpọ̀ débi pé mítà mélòó kan péré lókè ẹnu orísun, èyí tó fi gbóná ju àyíká lọ kì í pọ̀ mọ́.

5. Ẹ pa ẹnu àpáta mọ́

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Àpáta ń pariwo ju omi lọ. Ìró tó padà láti ara rẹ̀ lágbára ju ti èéfín lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, kò sì dúró sí ibi tí àpáta wà nìkan, nítorí ìtànṣán sónà ní ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìyẹn ìró díẹ̀ tó ń yà kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀: ó lè kọjú sókè sí òpó, kí ìyẹ́ rẹ̀ kan àpáta nísàlẹ̀, kí ìró yẹn sì farahàn nínú àwòrán bí ẹni pé inú omi ló ti wá. Ẹni tí kò mọ̀ á kọ ìwé lórí èéfín tí kò sí.

Ọ̀nà àbáyọ rọrùn láti sọ: àpáta kì í mì, èéfín ń mì. Ẹ ju píǹgì méjì sí ibì kan náà, kí ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ohun tó dúró ṣinṣin á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohun tó yí padà láàárín méjèèjì ló kù, èyí sì ni omi tó ń rú. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láàárín píǹgì méjì tó, torí ìyàtọ̀ ìgbóná tí sónà ń rí kéré débi pé wọ́n ti tú ká kí èkejì tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yọ wọ́n nígbà tí ìgbì ṣì wà nínú wọn, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti sọ wọ́n di agbára lásán. Ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in. Ẹ wo ìṣirò yìí: tí orí sónà bá sún ìdajì mìlímítà péré sí iwájú láàárín píǹgì méjì, ìró lọ ó sì bọ̀, nítorí náà ọ̀nà rẹ̀ yí padà ní mìlímítà kan odindi. Mìlímítà kan nínú 3.75 ju ìdá mẹ́rin ìgbì kan lọ díẹ̀, nǹkan bí 96° tí a bá ka odindi ìgbì sí 360°. Àpáta tó yẹ kó pa ara rẹ̀ rẹ́ á wá gbé orí sókè bí ẹni pé òun náà jẹ́ èéfín. Nítorí náà, tí mọ́tò bá yí orí sónà sí igun tuntun, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ kí ẹ tó ju píǹgì àkọ́kọ́. Ẹ sì máa yẹ ibi kan tí ẹ mọ̀ dájú pé àpáta nìkan ló wà níbẹ̀ wò nínú àbájáde yín. Tí ibẹ̀ bá mọ́lẹ̀, nǹkan kan ń mì tí kò yẹ kó máa mì.

6. Ẹ sọ ìró di àwòrán

Ìró ń rẹ̀ bó ṣe ń rìn, nítorí náà ẹ dá ohun tó sọnù padà fún un: ti fífẹ̀ tó ń fẹ̀ lọ, àti ti omi tó ń gbé e mì. Ẹ kó gbogbo igun jọ sínú àpótí kan tó ní gígùn, fífẹ̀ àti gíga, tí ẹ pín sí ìdajì mítà ìdajì mítà. Ẹ wá yan ìwọ̀n kan tí ẹ máa pè ní ojú òpó. Kò sí ìwọ̀n kan tó tọ̀nà. Tí ẹ bá gbé e sókè, òpó á tinrín. Tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á sanra. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ má yí i padà láàárín ọdún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa rò pé orísun ló ń yí padà nígbà tí ọwọ́ yín ni.

Fún títẹ̀, mi ò lo ojú òpó rárá. Ní gíga kọ̀ọ̀kan, mo ń wá àárín tí ìró ti lágbára jù, mo sì ń fa ìlà kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè gba àwọn àárín náà kọjá. Ìlà yẹn ló ń sọ ibi tí òpó kọrí sí.

7. Ẹ wọn bó ṣe ń yára gòkè

Bí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè bá ń lọ kúrò lọ́dọ̀ yín, ohùn fèrè rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Omi tó ń gòkè kúrò lọ́dọ̀ sónà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìró tó ń dá padà. Tó bá ń lọ ní 0.1 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá ní ojú ìlà tí sónà ń wò, 400 kHz á yí padà ní nǹkan bí 53 Hz. Ó kéré gan-an. Píǹgì tó gùn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ti tàn ká nǹkan bí 1,000 Hz fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ ò lè gbà á gbọ́ láti inú píǹgì kan. Ẹ ju ogójì, kí ẹ da wọ́n pọ̀. Àṣìṣe á dínkù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: ojú ìlà sónà kì í ṣe òkè tààrà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé sónà gbójú sókè ní 30°, ó sì rí 0.1 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Tí omi bá ń gòkè nìkan, ẹ pín in pẹ̀lú sáìnì 30°, ìyẹn ìdajì, ẹ ó rí 0.2. Inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n tí ìṣàn omi 0.05 bá wà tó ń gbé gbogbo nǹkan lọ kúrò lọ́dọ̀ sónà, ó fi nǹkan bí 0.043 kún ohun tí sónà rí. Ẹ yọ ọ́, ó ku 0.057, ẹ pín in, ó di 0.114. Ìṣàn tí ènìyàn ò tiẹ̀ kà sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìdáhùn yín di ìlọ́po méjì! Ẹ má gbé sónà lọ síbẹ̀ láìgbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìṣàn dání.

Tí ẹ bá ti ní ìyára àti fífẹ̀ òpó ní oríṣiríṣi gíga, ẹ lè ṣírò ooru tó ń tú jáde, nítorí bí òpó ṣe ń fẹ̀ tó sì ń falẹ̀ bó ṣe ń gòkè so pọ̀ mọ́ agbára tó ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Morton, Taylor àti Turner, gbé jáde ní ọdún 1956 la ṣì ń lò.

8. Tí kò bá sí òpó

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń sun láti ojú àpáta kì í ga, kì í sì í dá ìró padà tó. Ẹ wá yí ọgbọ́n ìgbésẹ̀ karùn-ún padà: àpáta tí a pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan, òun la fẹ́ gbọ́ báyìí. Ìró kọjá nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó kan àpáta, ó sì padà. Tí omi kan tó nípọn tó sẹ̀ntímítà mẹ́wàá bá fi 1°C gbóná sí i, ìyára ìró inú rẹ̀ á fi nǹkan bí mítà 4.5 pọ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní 400 kHz, ìró tó padà á sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ìgbì ṣáájú àsìkò rẹ̀. Bí omi náà ṣe ń rú, ìró àpáta á máa jó síwájú sẹ́yìn láti píǹgì kan sí èkejì. Ibi tó bá jó ni omi gbígbóná wà. Ibi tí kò jó, àpáta tútù ni. Láti ojú kan, ẹ lè ya máàpù gbogbo ilẹ̀ tó yí yín ká.

9. Òkun tó ń kún, òkun tó ń fà

Òkun ń kún ó sì ń fà ní wákàtí 12.4, ìṣàn tó sì ń bá a rìn máa ń tẹ òpó sí ìhìn-ín sọ́hùn-ún. Tí ẹ bá ń ya àwòrán ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ó rí nǹkan bí mẹ́rin nínú ìyípo kan, ó tó. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kò tó rárá: ẹ ó rí ìyípadà tó gùn tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sí níbì kankan àfi nínú ètò àwòrán yín. Òpó tó tẹ̀ tún ń fa omi tútù mọ́ra ju èyí tó dúró ṣánṣán lọ, nítorí náà bó bá falẹ̀ lọ́jọ́ tí ìṣàn le, ẹ má yára sọ pé orísun ń kú.

10. Ẹ tún lè gbọ́ lásán

Orísun fúnra rẹ̀ ń dún. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Timothy Crone àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ agbóhùn abẹ́ omi sí ẹ̀gbẹ́ orísun Sully àti Puffer ní Main Endeavour, wọ́n sì ròyìn ní 2006 pé ìró tó ń tibẹ̀ wá lágbára ju ti òkun àyíká lọ, àti pé àwọn ohùn kan wà nínú rẹ̀ tó dúró sójú kan bíi ti fèrè. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orísun, kì í ṣe inú ohun tó ń tú. Omi tó bá ń gbá ara ẹ̀rọ ń dá ariwo tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì jọ ohun tí ẹ ń wá.

11. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ fi ọ̀kan sẹ́nu orísun, ọ̀kan sójú àpáta tí máàpù yín sọ pé ó gbóná, ọ̀kan síbi tó sọ pé ó tutù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ náwó lé, òun ló sì máa ń dá àríyànjiyàn dúró jù. Tí sónà àti èyí tó ń wọn ìgbóná ò bá fohùn ṣọ̀kan, kí ẹ tó tún ìṣirò ṣe, ẹ wo aago àwọn méjèèjì. Mo ti rí ọ̀kan tó fi wákàtí kan yàtọ̀, nítorí ẹni tó ṣètò rẹ̀ lo aago ìlú rẹ̀ dípò UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ooru orísun náà máa ń ṣáájú òkun kó tó kún.